Olè Tí Ó Ń Jẹ́ Orúkọ Mi

Ní oṣù tí ó kọjá mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ìyá ọkọ ni a óò máa bá lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí á fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi ní Malu Road. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá pa á mọ́ra, ẹlòmíràn yóò jìn sí kòtò kan náà.

Ọjọ́bọ̀ ni. Mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Boundary, mo ń lọ sí Àpápá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ojú ọ̀nà yẹn mọ ariwo ibẹ̀: hòòn dáńfó, tírélà tí ń lọ sí èbúté, àwọn tí ń polówó oògùn eku. Fóònù mi dún. Ẹni tí ó pè kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó pè mí ní Dádì, ó ní òun ni akọ̀wé tuntun fún ẹgbẹ́ àwa tí a jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, pé a óò ṣe ìpàdé àdúrà lórí Zoom ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó dárúkọ ọdún tí a jáde. Ó dárúkọ olùkọ́ wa kan tí ó ti sùn nínú Olúwa. Ó ní, "Dádì, nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín báyìí, òun ni a fi ń kọ orúkọ yín sílẹ̀. Ẹ bá mi kà á." Nọ́ńbà náà dé. Mo kà á fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbé ohùn sókè kí ó lè gbọ́ mi. Mo tilẹ̀ súre fún un.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, WhatsApp mi ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Láti ìgbà náà ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé oògùn ni àwọn oníjìbìtì wọ̀nyí ń lò. Kò sí oògùn níbẹ̀ rárá. WhatsApp kò mọ ojú ẹni, nọ́ńbà fóònù ni ó mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ nọ́ńbà mi sórí fóònù tirẹ̀, WhatsApp yóò fi kóòdù mẹ́fà ránṣẹ́ sí síìmù tèmi láti mọ̀ bóyá èmi ni. Kóòdù yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilé. Olè náà kò fọ́ ilẹ̀kùn. Èmi ni mo na kọ́kọ́rọ́ sí i láti ojú fèrèsé. Ọ̀rọ̀ tí ó bá kóòdù náà wá tilẹ̀ kìlọ̀ pé kí n má ṣe fi í han ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èmi fo ìkìlọ̀, mo wá nọ́ńbà lọ. Ní ti ọdún tí a jáde àti orúkọ olùkọ́ wa, wọ́n ti kọ́kọ́ gba WhatsApp ẹlẹgbẹ́ mi kan lọ́nà kan náà. Orúkọ ẹgbẹ́ wa ni ó gbé ọdún náà, a sì ń múra ìrántí olùkọ́ wa ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń kà á.

Láàárín wákàtí kan, "èmi" ti kọ̀wé sí àwọn ọmọ ìjọ. "Èmi" ní báńkì ń yọ mí lẹ́nu, kí wọ́n bá mi fi owó sí àkáǹtì kan, n ó dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ènìyàn mẹ́ta fi owó ránṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣe POS ni ó gbà wá. Ó ní ara fu òun nítorí pé Dádì kì í tọrọ ohunkóhun láì kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyá òun. Ó pè mí, ó sì figbe ta nínú ìjọ.

Ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ni arábìnrin kan tí ń ta ẹja tútù. ₦85,000 ni ó fi ránṣẹ́, kì í sì í ṣe owó rẹ̀. Òun ni alájọ fún àwọn obìnrin ìsọ̀ wọn, ọjọ́ Sátidé ni ó sì yẹ kí ẹni tí ó kàn kó owó náà. Kò sọ fún ọkọ rẹ̀. Kò sọ fún mi. Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìyàwó mi ṣàkíyèsí pé kò wá sí ìpàdé àwọn obìnrin, tí a fi lọ wò ó. Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o kò pè mí kí o tó fi owó ránṣẹ́?" Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Dádì, ta ni èmi tí n ó máa bi yín bóyá ẹ̀yin ni?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àwa Yorùbá kì í bi àgbà léèrè bí ẹni pé irọ́ ni ó ń pa, àwa pásítọ̀ sì ti gun orí ọ̀wọ̀ yẹn débi pé ọmọ ìjọ kò lè tẹ fóònù láti gbọ́ ohùn wa. Ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n olè ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wa kò ti ní àgádágodo.

Ẹ rántí Ísáákì nínú Gẹ́nẹ́sísì orí 27. A máa ń wàásù lórí Jákọ́bù tí ó tan bàbá rẹ̀ jẹ, a kì í wàásù púpọ̀ lórí bàbá tí a tàn. Bàbá arúgbó yẹn fura o. Ohùn tí ó gbọ́ kò bá apá tí ó fọwọ́ bà mu, ó sì béèrè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tí ń tàn án gan-an ni ó ti béèrè! Kò rán ìránṣẹ́ kan sí ọ̀nà oko láti wò bóyá Ísọ̀ ń bọ̀. Ohun tí àwa náà ń ṣe nìyí. Ẹnìkan á pè wá pé báńkì ni, á ka BVN wa fún wa, a ó bi í pé, "Ṣé báńkì ni lóòótọ́?" Á ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn wa á sì balẹ̀. BVN tí ìjọba mú wá ní ọdún 2014 kì í ṣe àmì ìdánimọ̀ fún ẹni tí ń pè. Ẹnikẹ́ni lè ti rí i níbìkan. Báńkì kì í béèrè PIN, kì í béèrè kóòdù OTP, kì í béèrè nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì. Ẹ gbé fóònù náà sílẹ̀, kí ẹ sì fúnra yín pe nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì yín.

Ìwà náà kì í ṣe tuntun. Lẹ́tà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà fáàsì, ní ìgbà tí a kọ́kọ́ ń gbọ́ 419, orúkọ tí ó ti inú ìlà 419 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wá. Ìjọba ológun ṣe òfin lé e lórí ní 1995, EFCC dé ní 2003, òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ní 2015, a sì tún un ṣe ní 2024. Òfin pọ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò sí nínú kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú mi ní ọjọ́ yẹn.

Ní àdúgbò wa tí ó súnmọ́ èbúté, aṣọ àwọn aṣọ́bodè, àwọn tí a ń pè ní Kọ́sítọ́ọ̀mù, ni wọ́n sábà máa ń wọ̀. Ẹ ó rí àwòrán ọkọ̀ tàbí àpò ìrẹsì lórí Facebook, pé Kọ́sítọ́ọ̀mù gbẹ́sẹ̀ lé e, wọ́n sì ń tà á ní ọ̀pọ̀. Wọ́n á ní kí ẹ tètè san àsansílẹ̀. Àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ti kìlọ̀ láìmọye ìgbà pé àwọn kì í ta ọjà lórí Facebook tàbí WhatsApp. Ojúlé tiwọn ni wọ́n ti ń ṣe gbàǹjo láti 2017. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ibi tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Àpápá lọ béèrè, kí ni ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò rí sí?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tiyín ni ímeèlì ọ̀gá. Olè á yọ́ wọ inú ímeèlì ilé-iṣẹ́, á fi sùúrù ka ìwé owó tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, á wá kọ̀wé bí ọ̀gá tàbí oníbàárà pé àkáǹtì ti yí padà. Akọ̀wé kò ní lè bi ọ̀gá léèrè, á sanwó. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lára èyí tí Ramon Abbas, ọmọ Èkó tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hushpuppi, gbà pé òun jẹ̀bi rẹ̀. Wọ́n mú un ní Dubai ní oṣù Kẹfà 2020. Ní oṣù Kọkànlá 2022 ilé-ẹjọ́ Amẹ́ríkà sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 11 àti oṣù mẹ́ta. Lára àwọn tí ó jà lólè ni ẹnìkan ní Qatar tí ń wá owó láti fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́.

MMM tí ó ti ilẹ̀kùn ní oṣù Kejìlá 2016, àti CBEX tí ó wó ní oṣù Kẹrin 2025, ẹ ti mọ̀ wọ́n, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ béèrè: ta ni ó kọ́kọ́ sọ fún yín nípa wọn? Ẹ̀gbọ́n ni, tàbí àǹtí, tàbí olórí ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tí a kò lè bi léèrè ni.

Àwọn tí ń ṣe é ńkọ́? Ọmọ wa ni wọ́n. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2024, EFCC wọ ilé kan ní Victoria Island, wọ́n kó ènìyàn 792 níbẹ̀. Ará Ṣáínà 148 àti ará Philippines 40 wà lára wọn, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni ó pọ̀ jù. Gẹ́gẹ́ bí EFCC ti wí, iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ni kí wọ́n máa bá àjèjì sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí kọ̀ǹpútà títí onítọ̀hún yóò fi gbà wọ́n gbọ́, kí wọ́n wá darí rẹ̀ sí okòwò crypto tí kò sí. Ìyá kan ní Ajégúnlẹ̀ sọ fún mi pé ọmọ òun ń ṣe "iṣẹ́ kọ̀ǹpútà", òun kò sì béèrè irú èwo. Ẹ ò rí i, a kì í bi àgbà, a kò tún bi ọmọ mọ́.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ ṣí WhatsApp yín. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Account, ẹ tẹ Two-step verification, kí ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ sí i. Bí mo bá ti ṣe èyí ni, kóòdù tí mo kà nínú kẹ̀kẹ́ kì bá tó fún olè náà. Bí wọ́n bá ti gbà á lọ, ẹ tún tẹ nọ́ńbà yín sí i kí ẹ gba kóòdù tuntun. Olè á jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kódà bí ẹ bá ní láti dúró ọjọ́ méje kí ẹ tó wọlé. Ẹ fi PIN sí síìmù pẹ̀lú, nítorí àwọn tí ń já fóònù gbà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, síìmù ni wọ́n ń yọ lọ fi wọ báńkì yín. Bí owó bá sì ti lọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Arákùnrin wa tí ó sáré lọ sí báńkì ní wákàtí kan náà rí díẹ̀ gbà padà. Ti arábìnrin wa, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò sí nǹkan kan mọ́ nínú àkáǹtì náà.

Mo ti sọ lórí pẹpẹ, mo tún ń kọ ọ́ síbí: ẹni tí ó bá gba ìwé ìtọrọ owó ní orúkọ mi, kí ó pè mí. Ohùn pàápàá kò tó mọ́, nítorí kọ̀ǹpútà ti lè sín ohùn ènìyàn jẹ láti inú ohùn díẹ̀ tí ó gbọ́, ìwàásù mi sì wà káàkiri. Kí ó bi mí ní ohun tí àwa méjèèjì nìkan mọ̀. N kò ní bínú.

Arábìnrin wa ta firísà rẹ̀ kí ó lè san owó àjọ náà ní Sátidé. N kò mọ̀ títí mo fi dé ìsọ̀ rẹ̀, tí mo rí àyè tí firísà wà tẹ́lẹ̀. Mo ti ń san owó náà fún un díẹ̀díẹ̀ láti inú àpò tèmi. Ó ku ₦25,000. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá mo kọ̀wé sí i pé kí ó fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́ kí n lè san lára rẹ̀. Ó pè mí. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú o. Ẹja wo ni mo fi ṣe yín lálejò nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wá sí ilé wa?" Mo ronú títí, n kò rántí. Kò fún mi ní nọ́ńbà náà, àfi ìgbà tí ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, tí ó ní, "Panla ni, ata sì pọ̀ jù nínú rẹ̀."