Ọ̀rọ̀ Rere Ní Ń Yọ Obì Lápò

Ní Ọjà Igbó, Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì lèèyàn ti ń wá ìjálá Ògúndáre Fọ́yánmu báyìí. Tẹ́tí sí i dáadáa: kí ohùn ọdẹ tó wọlé, abẹ́rẹ́ lo máa kọ́kọ́ gbọ́ tó ń ha àwo, nítorí ara àwo tó ti gbó ni wọ́n ti dà á kọ. Ojúlówó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, máásítà tí sítúdíò ká mọ́ kẹ̀kẹ́ téèpù, ọwọ́ akọrin, máákẹ́tà tàbí àwọn ọmọ wọn ló sábà máa ń wà.

Báwo la ó ṣe gbà á jáde? Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Obì wà lápò olóbì. Kò sẹ́ni tó lè fi agbára yọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ wa tí a fẹ́ràn orin àtijọ́ rò pé ìfẹ́ náà ti tó. A ó lọ bá ọmọ olóògbé tó ni iṣẹ́ náà, a ó ní kí ó má jẹ́ kí àṣà Yorùbá kú. Ọ̀rọ̀ dídùn nìyẹn, kò tíì di ọ̀rọ̀ rere. Ẹni tí wọ́n ti rẹ́ bàbá rẹ̀ jẹ kò nílò ìwàásù. Àwọn olórin I.K. Dairo àti Haruna Ishola dá ilé-iṣẹ́ àwo Star Records sílẹ̀ ní 1969 kí iṣẹ́ wọn lè wà níkàáwọ́ ara wọn. Ti Sunny Adé àti ilé-iṣẹ́ àwo African Songs le jù bẹ́ẹ̀ lọ: kóòtù ni wọ́n bá ọ̀rọ̀ máásítà dé. Ọfà ti jáde lápó nìyẹn.

Àwọn kan ń fi àdéhùn gbà á: ní Amẹ́ríkà, láti 2007 ni ilé-iṣẹ́ The Tape Project ti ń gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni orin, tí wọ́n ń da máásítà kọ sórí téèpù tuntun tó ń sáré ínṣì 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ṣì ní ẹ̀rọ rẹ̀ nílé. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí abẹ́rẹ́ tó ń ha nǹkan. Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rù ti ń ba onímáásítà: ẹ̀dà tó jọ ìyá rẹ̀ tó báyìí, ẹni tó rà á lè fi tẹ àwo tirẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀rù náà tọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń pè ní ọ̀rọ̀ rere ni ìwé àdéhùn tó sọ iye ẹ̀dà tí wọ́n máa ṣe, tí gbogbo ọmọ olóògbé fọwọ́ sí, kì í ṣe dáwódù nìkan. Kí wọ́n san owó kí téèpù tó kúrò nílẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ̀rọ lọ bá téèpù nílé, kí ẹbí jókòó tì í títí wọ́n á fi dà á kọ tán. Ilé-iṣẹ́ orin Evergreen ti Olóyè Fẹ́mi Esho l'Ékòó ti gba ẹ̀tọ́ orin àtijọ́ púpọ̀, wọ́n sì gbé wọn jáde lórí sídíì. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà.

Àsìkò kò sì dúró. Ọ̀rinrin ń mú kí àtè tó so lẹ́búlẹ́bú tó gba ohùn dúró mọ́ ara téèpù máa rọ̀, á wá máa lẹ̀ mọ́ra. Ní oṣù kẹfà 2008, iná jó àká ilé-iṣẹ́ orin Universal ní Los Angeles, ọ̀pọ̀ máásítà sì jóná síbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ olówó bẹ́ẹ̀ bá pàdánù, kí ni ti àpótí tó wà lábẹ́ páànù gbígbóná?

Bí irú téèpù yìí bá wà nílé yín, l'Ógbómọ̀ṣọ́ tàbí l'Ọ́yọ̀ọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e kúrò níbi tí oòrùn ń pa á. Ẹ kọ orúkọ akọrin àti ọdún sára páálí rẹ̀. Bó bá ti ń lẹ̀, ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ rárá, àfi kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó bá sì wá tọrọ rẹ̀ láìmú ìwé àdéhùn lọ́wọ́, ẹ ní kó lọ mú un wá.