Owó Òrùka àti Owó Táyà

 Oṣù Kejìlá ni ìwé ìgbéyàwó tí ó wà ní ìkáwọ́ wa ń tètè kún jù lọ nínú ọdún. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ìyá kan wá bá wa láti Èmùré nítorí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó fẹ́ gbé ìyàwó. Ìbéèrè méjì ni ó bi wá kí ó tó jókòó. Èkíní, báwo ni òun yóò ṣe ra òrùka àti ẹ̀gbà ọrùn wúrà fún ìyàwó ọmọ òun láìjẹ gbèsè? Èkejì, ǹjẹ́ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lè gbé àwọn ará ilé dé Àkúrẹ́, níbi tí ìyàwó ti wá, nínú ọyẹ́ yìí? A rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí àpò kan ṣoṣo ni yóò san owó ọ̀rọ̀ méjèèjì, àwa fúnra wa sì ti fi irú àpò bẹ́ẹ̀ ṣe àṣìṣe rí.

Ní ọdún 2019 ni àbúrò wa ọkùnrin gbé ìyàwó. Owó kan wà nílé tí a ti yà sọ́tọ̀ fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì ọkọ̀ wa. Nígbà tí a dé ọjà kan tí a kò ní dárúkọ, ọ̀gbẹ́ni kan na ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka sí wa. Wọ́n ń dán yanran, a sì tẹ 750 sí ẹ̀yìn wọn. Ó ní nítorí pé ilẹ̀ ń ṣú lọ, òun yóò ta á fún wa ní ìdajì owó. Inú wa dùn bí ẹni tí ó rí owó he. A fi owó táyà kún un, a sì wí nínú ọkàn wa pé táyà yóò dúró di ọdún tuntun.

Táyà kò dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, láàrin Ìsẹ̀ àti Ìkẹ́rẹ́, táyà ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì bẹ́, ọkọ̀ sì yà wọ inú igbó. Olúwa yọ wá, kò sí ẹni tí ó kú. Ṣùgbọ́n apá àna wa obìnrin kán, kò sì lè nà án tán títí di òní. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbà ọrùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọrùn ìyàwó di àwọ̀ ewé. Nígbà tí alágbẹ̀dẹ wúrà ha ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, bàbà ni ó wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìyá láti Èmùré béèrè, a kò dá a lóhùn bí ẹni tí ó gbọ́n. Ẹni tí ó ti sanwó ẹ̀kọ́ ni ó dá a lóhùn.

Ohun tí a kọ́kọ́ wí fún un ni pé Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà kò dárúkọ wúrà. Òrùka ni ó wí, kò sọ irú irin tí a ó fi rọ ọ́. Òrùka fàdákà jẹ́ òrùka. Òrùka irin tí kì í dípẹtà pẹ̀lú jẹ́ òrùka, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Èyí tí a fi wúrà bò lórí náà kò burú, bí ẹni tí ó tà á bá pè é ní orúkọ rẹ̀, tí ó sì gba owó aláfibò lórí rẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí a san owó wúrà kí a sì gbé bàbà lọ sílé.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ wúrà gan-an ni ẹ fẹ́, ẹ mọ̀ pé ọjà tí ó ní ìwọ̀n ni. Ògidì ni wọ́n ń pè ní kárátì 24. Bí ẹ bá rí 750, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nínú ìdá 1,000, ìdá 750 jẹ́ wúrà, èyíinì ni kárátì 18. 375 ni kárátì 9, 916 sì ni kárátì 22. 925 kì í ṣe ti wúrà rárá, àmì fàdákà ni. Bí ẹ bá sì rí lẹ́tà GP tàbí HGE, aláfibò ni. Ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kò purọ́, àwa ni a kò kà á. Síbẹ̀ ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà sí ara bàbà, bí wọ́n ti ṣe fún wa. Òòfà tí ń fa irin kò sì tó láti tú àṣírí, nítorí kò lè fa bàbà tàbí idẹ, gẹ́gẹ́ bí kò ti lè fa wúrà.

Òṣùwọ̀n ni ọ̀rẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí ó wọn ọjà náà níṣojú yín, kí ẹ béèrè iye tí gíráàmù kan jẹ́ ní ọjọ́ náà, kí ẹ sì béèrè owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ibi owó iṣẹ́ nìkan ni ààyè ìnájà wà. Kò sí olóòótọ́ tí ó lè ta wúrà ní iye tí ó kéré sí iye tí gbogbo ayé ń rà á, nítorí bí ó bá yọ́ ọ, yóò rí ju ohun tí ẹ fún un lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, owó áúǹsì wúrà kan kọjá 4,000 dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́. Áúǹsì náà lé díẹ̀ ní gíráàmù 31, nítorí náà gíráàmù ògidì kan yóò jẹ́ nǹkan bí 128 dọ́là ní iye yẹn. Òrùka gíráàmù 3 ti kárátì 18 yóò sì sún mọ́ 290 dọ́là, kí a tó ka owó iṣẹ́. Iye náà ń gòkè, ó sì ń sọ̀. Ẹ wádìí ti ọjọ́ tí ẹ ń lọ, kí ẹ sọ ọ́ di náírà nílé lórí ìwé, kí ẹ tó jáde. Bí ọ̀gbẹ́ni kan bá wá fi ìdajì iye náà lọ̀ yín, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ. Ká ní a ti ṣe ìṣirò yìí ní ọdún 2019 ni!

Ọgbọ́n omi náà wà fún ẹni tí ó bá ní òṣùwọ̀n kékeré bí ti alágbẹ̀dẹ. Ẹ kọ́kọ́ wọn ẹ̀gbà náà ní gbígbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ sì fi òwú rọ ẹ̀gbà náà sínú omi láìjẹ́ kí ó kan ìdí ife. Ẹ fi nọ́ńbà tí ó bá jáde pín ìwọ̀n àkọ́kọ́. Kárátì 18 yóò fún yín ní 15 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀; ti idẹ yóò wà ní nǹkan bí 8 àti ààbọ̀. Bí ó bá ní òkúta lára tàbí ó ní ihò nínú, ọgbọ́n yìí kò ní sọ òtítọ́.

Ẹ má lọ sí ọjà wúrà ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má sì dá lọ. Kí rìsíìtì sọ kárátì àti ìwọ̀n, kì í ṣe “ẹ̀gbà ọrùn kan” lásán. Ẹ bi òǹtajà pé, “Bí a bá gbé e padà wá ní ọdún tí ń bọ̀, èló ni ẹ ó rà á?” Ojú rẹ̀ yóò dá yín lóhùn kí ẹnu rẹ̀ tó ṣí. Ó sì dára kí a ṣí àpótí ìyá àgbà wò kí a tó jáde nílé rárá. Yẹtí àtijọ́ tí ẹnìkan kò lò mọ́ lè di òrùka tuntun lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, owó iṣẹ́ nìkan ni ẹ ó san. Ṣùgbọ́n ẹ dúró tì í nígbà tí ó bá ń yọ́ ọ.

Ní ti ìlẹ̀kẹ̀, iyùn òtítọ́ tutù bí a bá fi kan eyín, ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í bára dọ́gba tán. Ti rọ́bà fúyẹ́, ó sì gbóná lára. Ẹni tí kò lè rà á lè yá a fún ọjọ́ kan, àwọn tí ń fi í yáni pọ̀ ní ìlú ńlá. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tijú pé dígí ni ìlẹ̀kẹ̀ òun. Ìwádìí tí a ṣe ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, fi hàn pé àwọn baba wa ti ń ṣe dígí àti ìlẹ̀kẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Iye tí ó bá ṣẹ́kù nínú owó ohun ọ̀ṣọ́, kí ó lọ bá táyà. Lára táyà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí nọ́ńbà mẹ́rin nínú àpótí kékeré kan. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Lára èyí tí ó bẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, 3508 ni a kà: ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2008. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, a sì kó ènìyàn mẹ́fà lé e lórí. Táyà tòkunbọ̀ lè ní eyín tí ó gùn kí ara rẹ̀ sì ti gbó, nítorí náà ẹ ka ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó yọwó. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn, nítorí òtútù ọyẹ́ ń dín in kù, oòrùn àti ìrìn ọ̀nà sì ń fẹ̀ ẹ́.

Òfin ojú pópó wa fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni kìlómítà 50 ní wákàtí kan nínú ìlú, àti 80 ní ọ̀nà láàrin ìlú sí ìlú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ojú ọ̀nà mọ́ ni a ṣe 80 fún. Lórí 80, ọkọ̀ ń jẹ mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan búrèkì, mítà 22 ti lọ. Kí ọkọ̀ tó dúró, ó ti kọjá 50. Bí eruku ọyẹ́ kò bá jẹ́ kí ẹ rí ju mítà 50 lọ, ẹ ti kọlu tírélà tí ó bàjẹ́ síwájú yín kí ẹ tó dá a mọ̀. Lórí 40, mítà 20 péré tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ ni ẹ nílò. Ẹ tan iná ìsàlẹ̀, kì í ṣe ti òkè, nítorí eruku a máa da ìmọ́lẹ̀ iná òkè padà sójú awakọ̀. Ẹ má ṣe tan iná ìkìlọ̀ tí ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ bá ń rìn. Ti ọkọ̀ tí ó dúró ni. Kí ẹ bu omi sí gíláàsì iwájú kí ẹ tó nù ún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eruku yóò ha á. Bí ẹ bá sì rí èéfín igbó tí wọ́n ń sun lórí ọ̀nà, ẹ dúró kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Kánádà yóò rò pé ọ̀rọ̀ ọyẹ́ kò kan àwọn. Ní ìpínlẹ̀ Quebec, òfin ni kí ọkọ̀ lo táyà ìgbà òtútù láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta. Ọmọ tí ó ti kọ́ láti tẹ búrèkì jẹ́jẹ́ lórí yìnyín, kí ó sì jìnnà sí ọkọ̀ iwájú, kò nílò ẹ̀kọ́ mìíràn nígbà tí ó bá wálé fún ìgbéyàwó, bí kò bá gbàgbé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú.

Kí ìyàwó àti ìyá ọkọ má ṣe wọ wúrà lójú ọ̀nà. Inú àpò ni kí ó wà títí ẹ ó fi dé ilé ìjọsìn. Ẹ má sì rin ìrìn òru. Lẹ́yìn oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí a jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Èmùré, kí a tó tú wọn sílẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, a kò ní láti sọ èyí lẹ́ẹ̀mejì fún ará Èmùré.

Ìyá náà béèrè pé, “Bàbá, aago wo wá ni kí á kúrò nílé?” Àmì wa nìyí. Bí ẹ bá dé Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ kò rí orí òkè Olósùnta nínú eruku, ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ wá ẹ̀kọ gbígbóná mu títí yóò fi hàn. Aago mẹ́wàá ni a kọ sínú ìwé fún ìsìn náà. A ti ránṣẹ́ sí ẹlẹgbẹ́ wa tí ó ń di ìwé mú ní Àkúrẹ́ pé bí ó bá di mọ́kànlá, kí ó má ṣe ti ilẹ̀kùn.