Àṣẹ Windows: Kò yẹ kí ará Òkè-Ògùn máa sanwó lẹ́ẹ̀mejì

Kò sí ẹni tí yóò ra ilẹ̀ ní Ìsẹ́yìn lónìí tí kò ní béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún un. Bákan náà, ẹni tí ó bá ra ọ̀kadà ní Ṣakí, níbi tí ẹnubodè ilẹ̀ Benin kò jìnnà sí, mọ̀ pé bí òun kò bá gba ìwé rẹ̀, wàhálà ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè lè dé bá òun lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ òbí tí ó fi owó iṣu, owó kajú tàbí owó aṣọ òkè ra ẹ̀rọ náà fún ọmọ kì í béèrè ìwé kankan. Ibẹ̀ ni ìyọnu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kò ní pẹ́ púpọ̀ tí kọ̀ǹpútà náà yóò fi máa kọ ọ̀rọ̀ sí igun ojú rẹ̀ pé Windows tí ó wà nínú òun kò ní àṣẹ. Ọmọ á gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnṣe, atúnṣe á gbowó, ọ̀rọ̀ náà á sì pòórá. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó tún lè yọjú, owó mìíràn á sì tún jáde lápò bàbá.

Ó yẹ kí ohun tí ó fà á yé tàgbà tèwe. Windows ni ètò tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe, òun ni ó ń darí kọ̀ǹpútà bí awakọ̀ ṣe ń darí ọkọ̀. Ẹni tí ó ra kọ̀ǹpútà kò ra Windows gan-an, àṣẹ láti lò ó ni ó rà. Láti ìgbà tí Windows XP ti jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń béèrè pé kí kọ̀ǹpútà fi lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 ránṣẹ́ sí òun láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 30 ni XP fún ènìyàn, bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn. Windows 10 àti 11 kò ti ilẹ̀kùn mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ní dákẹ́ ìkìlọ̀, àwọn ohun kan sì wà tí wọn kò ní jẹ́ kí ènìyàn yí padà.

Ilé-iṣẹ́ náà ní àwíjàre. Ìròyìn tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, BSA, gbé jáde ní ọdún 2018 sọ pé nínú ètò 100 tí wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà ní ọdún 2017, 80 ni kò ní àṣẹ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, náà dáàbò bo ètò kọ̀ǹpútà. Olè ni olè ń jẹ́, ìbáà ṣe ewúrẹ́ tàbí ètò kọ̀ǹpútà ni ó gbé.

Ṣùgbọ́n ta ni olè níhìn-ín? Àgbẹ̀ tí ó ka owó lé ọjà lórí kò jí nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ó rà sábà máa ń ní àṣẹ tirẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tà á lè ti nu inú rẹ̀, kí ó sì fi Windows irú mìíràn tí àṣẹ náà kò kàn rọ́pò rẹ̀. Bí iná ìjọba bá sì lọ tí ó bọ̀ lójijì tí ó jó mọ́dábọ́ọ̀dù, àṣẹ tí ó bá kọ̀ǹpútà náà wá sábà máa ń bá a lọ. Bí ìgbà tí ènìyàn pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà rẹ̀ ni, tí wọ́n ní kí ó tún ìwé rà.

Iye tí wọ́n sì ń ta àṣẹ tuntun kò ṣe é fẹnu sọ. Dọ́là 139 ni Microsoft ń ta Windows 11 ti inú ilé ní Amẹ́ríkà. Ní ìparí ọdún 2024, tí dọ́là kan ń kọjá náírà 1,500, owó náà lé ní náírà 200,000, bẹ́ẹ̀ náírà 70,000 ni owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ. Owó iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ni òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kó kalẹ̀.

Èyí ni ó ń lé àwọn ènìyàn sọ́dọ̀ atúnṣe tí ń fi ètò ayédèrú já àṣẹ. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu. Ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé, wọ́n a sì ní kí oníkọ̀ǹpútà kọ́kọ́ pa ètò tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kí wọ́n tó lè ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe Òkè-Ògùn tàbí ìṣirò owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá bá a lọ, kò sí ẹni tí yóò san án padà.

Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft dẹ́kun àtúnṣe tí ó ń ṣe déédéé fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ni kò lè gba Windows 11. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun bá ń kó irú wọn dànù, ọjà tòkunbọ̀ ni wọn yóò gbà dé ìlú wa.

Ọ̀nà mìíràn wà, ìjọba àpapọ̀ sì ti fẹsẹ̀ kàn án rí. Ní ọdún 2007, wọ́n fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú Linux tí ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ṣe. Nígbà tí Mandriva gbọ́ pé wọn yóò yọ ọ́ kí wọ́n fi Windows sí i, ọ̀gá rẹ̀ kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni USPF, àjọ ìjọba tí ó ń san púpọ̀ nínú owó náà, sọ pé Linux ni òun ṣì fẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń sanwó ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Òkè-Ògùn àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lo ẹnu náà. Linux kò béèrè àṣẹ olówó, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ẹ̀rọ àtijọ́. Ọmọ Áfíríkà, Mark Shuttleworth ti South Africa, ni ó dá Ubuntu, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú irú rẹ̀, sílẹ̀ ní ọdún 2004. LibreOffice tí a fi ń kọ lẹ́tà, tí a sì fi ń ṣe ìṣirò, ọ̀fẹ́ ni. Lóòótọ́, àwọn iṣẹ́ kan wà tí Windows nìkan lè ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń múra ìdánwò JAMB, tí ó ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá láti ọdún 2015, lè fi Linux kọ́ bí a ṣe ń tẹ̀wé.

Ẹni tí ó bá sì fẹ́ Windows dandan, kí ó jẹ́ kí olùtajà so ẹ̀rọ náà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì níṣojú rẹ̀, kí ó sì ṣí ibi tí a kọ Activation sí. Nítorí pé ayédèrú náà lè fi ara hàn níbẹ̀ bí ojúlówó, kí olùtajà kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé Windows ibẹ̀ ní àṣẹ, àti pé òun yóò dá owó padà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí kò bá lè kọ ọ́, kí oníbàárà kọjá lọ sí ìsọ̀ mìíràn.

Microsoft pàápàá ní iṣẹ́ láti ṣe. Bí ó bá fẹ́ kí àwọn ènìyàn sá fún ayédèrú, kí ó ta ojúlówó ní iye tí apá àgbẹ̀ àti olùkọ́ lè ká.