Kì Í Ṣe Àánú Ọ̀gá Ni Ó Ṣí Ilẹ̀kùn Brooklyn ní 1947

Ìtàn kan wà tí àwọn oníwàásù sùúrù fẹ́ràn púpọ̀. Wọ́n á ní ní ọdún 1947, ní Brooklyn ní ìlú New York, òyìnbó onínúure kan tí ń jẹ́ Branch Rickey, ọ̀gá ẹgbẹ́ Dodgers, ṣàánú ọmọ dúdú kan, Jackie Robinson, ó sì mú un wọ inú eré bésíbọ́ọ̀lù tí àwọn aláwọ̀ funfun ti sọ di tiwọn nìkan. Wọn á wá kọjú sí wa pé: ẹ rí i bí sùúrù ti dára tó? Ẹ káwọ́ gbera, ọ̀gá yóò ṣílẹ̀kùn nígbà tí àkókò bá tó. Àwa kò gbà. Ìtàn náà kò pé, ohun tí wọ́n sì yọ kúrò nínú rẹ̀ gan-an ni egungun rẹ̀.

Ta ni ó ti ilẹ̀kùn ọ̀hún ná? Moses Fleetwood Walker, ọmọ dúdú, ti gbá bọ́ọ̀lù náà fún ẹgbẹ́ Toledo láàárín àwọn funfun ní 1884. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àwọn olówó tí ó ni ẹgbẹ́ fẹnu kò ní ìkọ̀kọ̀ pé dúdú kankan kò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Wọn kò kọ ọ́ sí ìwé òfin. Ìdí nìyẹn tí Landis, olórí eré náà, fi lè là á mọ́lẹ̀ ní 1942 láìtijú pé kò sí òfin kankan tí ó dí dúdú lọ́wọ́! Èrè sì wà nínú ọ̀ràn náà. Ìwé kan tí MacPhail ti ẹgbẹ́ Yankees kọ ní 1946 sọ ọ́ kedere pé ẹgbẹ́ òun nìkan ń rí nǹkan bí 100,000 dọ́là lọ́dún nínú pápá tí wọ́n ń yá fún àwọn ẹgbẹ́ dúdú. Onílé tí ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé, kí ni yóò kán an lójú láti pè é wá jẹun nínú yàrá òun?

Àwọn tí ó fi agbára ti ilẹ̀kùn náà, a mọ̀ wọ́n. Wendell Smith ti ìwé ìròyìn Pittsburgh Courier, Sam Lacy, àti Lester Rodney ti Daily Worker kọ̀wé títí gègé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán lọ́wọ́ wọn. Ní December 1943, Paul Robeson bá àwọn oníwèé ìròyìn dúdú lọ sí ìpàdé àwọn olówó ẹgbẹ́, ó sì sọ̀rọ̀ lójú wọn. Ní April 1945, Muchnick, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú Boston, halẹ̀ pé òun yóò gbégi dínà eré ọjọ́ Ìsinmi bí ẹgbẹ́ Red Sox kò bá dán àwọn dúdú wò. Wọ́n dán mẹ́ta wò, Robinson sì wà nínú wọn. Wọn kò pe ẹnìkan nínú wọn padà. (Ó di 1959 kí dúdú tó gbá bọ́ọ̀lù fún Red Sox.) Ní ọdún 1945 yìí kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ New York ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tìtorí àwọ̀ du ènìyàn ní iṣẹ́. Ní August 28 ni Rickey wá pe Robinson sí ọ́fíìsì rẹ̀. A gbà pé Rickey ti ń wá agbábọ́ọ̀lù dúdú kiri kí òfin náà tó dé, a sì gbà pé ó láyà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún wa pé ilé tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni ó ti jáde.

Ẹ wá wo sáà 1947 fúnra rẹ̀. Wọ́n kó ẹgbẹ́ náà lọ ṣe ìdánrawò ní Havana ní Kúbà, kí wọ́n lè sá fún òfin ìyàsọ́tọ̀ Florida. Ní Kúbà yìí, níbi tí dúdú àti funfun ti ń gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ tipẹ́tipẹ́, tí ìran tiwa sì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n tún wá hòtẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ fún Robinson àti àwọn dúdú mẹ́ta yòókù! Àwọn kan nínú Dodgers fẹ́ kọ̀wé pé àwọn kò ní bá a gbá bọ́ọ̀lù. Durocher, olùdarí wọn, pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n lé Durocher sẹ́yìn fún ọdún kan lórí ẹ̀sùn mìíràn, Burt Shotton sì gba ipò rẹ̀. Ní April 15, ní pápá Ebbets Field, Robinson wọlé, Brooklyn sì na Boston ní 5 sí 3. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Ben Chapman, olùdarí Philadelphia, àti àwọn ọmọ rẹ̀ fi bú u bí ẹní bú ẹran. Robinson ti ṣèlérí fún Rickey pé òun kò ní gbẹ̀san, nítorí náà ó pa á mọ́ra. Nígbà tí sáà parí, Brooklyn ti borí nínú eré 94, wọ́n sì gba adé National League. Yankees ni ó borí wọn nínú àṣekágbá, 4 sí 3. Robinson ti jí ibùdó 29 gbà, wọ́n sì pè é ní ẹni tuntun tí ó ta yọ jùlọ lọ́dún náà. Àwọn ènìyàn tí ó ju 1,800,000 lọ ni ó sanwó wọlé ní Ebbets Field. 5,000 dọ́là péré ni owó iṣẹ́ Robinson.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ń kà wá, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ẹnìkan bá wọ oko yín, tí ó wu èyí tí ó tóbi jù nínú iṣu yín, tí ó ní òun kò ní sanwó nítorí pé oko yín kò ní ìwé, kí ni ẹ óò pè é? Ẹgbẹ́ Kansas City Monarchs ni Robinson wà tẹ́lẹ̀; Rickey kò fún wọn ní kọ́bọ̀. Ó ní líìgì àwọn dúdú kì í ṣe líìgì gidi. Ó mú Don Newcombe lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Newark Eagles, ti Effa Manley àti ọkọ rẹ̀, bákan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé bí ayé ti rí nígbà náà nìyẹn, nítorí ní July 1947 yìí kan náà ni Bill Veeck ti Cleveland mú Larry Doby lọ́dọ̀ Manley kan náà, ó sì san 15,000 dọ́là. Lẹ́yìn sáà 1948, àwọn Manley ta ẹgbẹ́ wọn, Negro National League sì túká. Àwọn tí ó tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà ni ó pàdánù. Ẹni tí ó kó wọn lọ ni ó gba ìyìn.

Josh Gibson, tí àwọn tí ó rí i sọ pé kò sí ẹni tí í fi igi bá bọ́ọ̀lù bí tirẹ̀, kú ní January 20, 1947, ní ẹni ọdún 35. Ó ku ọjọ́ 85 kí Robinson tó wọ pápá. Ní May 2024 ni àwọn aláṣẹ eré náà tó ka iṣẹ́ àwọn líìgì dúdú mọ́ tiwọn nínú ìwé ìṣirò, .372 tí í ṣe ti Gibson sì bọ́ sí òkè gbogbo wọn, ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kí àwọn oníwàásù sùúrù wá sọ fún wa ohun tí sùúrù rà fún Gibson.