Ìṣẹ́gun Mẹ́ta Forrest Gregg

Àwọn tí í ṣe ìṣirò eré bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, tí wọn kì í bìkítà fún ohunkóhun ju iye ìgbà tí ènìyàn borí àti iye ìgbà tí wọ́n borí rẹ̀ lọ, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé Forrest Gregg, akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Yunifásítì Southern Methodist, tí gbogbo ayé ń pè ní SMU, ní ìlú Dallas, borí ní ìgbà mẹ́ta péré láàárín ọdún 1989 àti 1990, tí wọ́n sì fẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀ ní ìgbà 19. Láti inú ìwé yìí ni àwọn kan ti ń wí pé akọni tí ó gba adé lórí pápá kò mọ bí a ti í kọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ìdájọ́ tí kò tọ́ ni, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ ibi tí ó ti wọ́ yóò ní láti bi ara rẹ̀ pé irú iṣẹ́ wo ni wọ́n gbé lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, àti pé irú ènìyàn wo ni ó jẹ́ kí wọ́n tó gbé e lé e.

Ní Birthright, ìletò kan ní ìpínlẹ̀ Texas, ni a bí i sí ní ọdún 1933. Ní SMU yìí kan náà ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe rẹ̀, kí ẹgbẹ́ Green Bay Packers tó mú un ní 1956. Ìlà iwájú ni ipò rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ti àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí ọwọ́ ń ṣe ju ẹsẹ̀ lọ, ará ìlà iwájú kì í ju bọ́ọ̀lù, kì í hán an, kì í sì í gbé e sáré. Tirẹ̀ ni pé kí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, kí ó sì fi àyà àti èjìká gba àwọn òmìrán tí ń bọ̀ wá wó ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ẹni tí ó sáré wọlé ni ogunlọ́gọ̀ yóò máa ké. Ẹni tí ó la ọ̀nà fún un dojú bolẹ̀ sínú ẹrẹ̀, àyàfi bí ó bá sì ṣe àṣìṣe ni òǹwòran í tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀.

Gregg ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínṣì mẹ́rin, síbẹ̀ kò pẹ́ tí ó fi rí i pé òun kò wúwo tó láti máa fi agbára nìkan ti àwọn alátakò òun. Nítorí náà ni ó ṣe jókòó ti àwòrán eré, tí ó ń wo ẹsẹ̀ àti ọwọ́ àwọn tí yóò bá pàdé, títí ó fi fi ọgbọ́n dí àyè tí ìwúwo kò lè dí. Eré 188 ni ó gbá láìpa ọ̀kan jẹ. Ó wà ní ìlà iwájú ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1967, nígbà tí Green Bay borí Dallas nínú òtútù tí ó lè pa ẹran. Vince Lombardi, ọ̀gá wọn, ẹni tí kì í fi ìyìn tọrẹ, pè é ní eléré tí ó dára jù lọ nínú gbogbo àwọn tí òun kọ́.

Nígbà tí ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá láàárín àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, ó jẹ dídùn, ó sì jẹ kíkan: ó mú ẹgbẹ́ Cincinnati dé àṣekágbá oṣù kìíní ọdún 1982, níbi tí San Francisco ti fi 26 sí 21 borí wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà sí Green Bay gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, ọwọ́ rẹ̀ kò ròkè. Ẹni tí ń gbèjà rẹ̀ kò ní láti bo èyí mọ́lẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1987 ni àjọ NCAA, tí ń ṣe àkóso eré ìdárayá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gbé idà lé SMU lọ́rùn. Wọ́n ti kìlọ̀ títí, wọ́n ti fi ìyà jẹ ilé-ẹ̀kọ́ náà ní 1985, síbẹ̀ owó kò ṣíwọ́ àtimáa bọ́ sí àpò àwọn eléré ní bòókẹ́lẹ́, tí ó fi jẹ́ pé àwọn 13 nínú wọn gba dọ́là 61,000 lẹ́yìn ìkìlọ̀. Àjọ náà pa eré ọdún 1987 rẹ́ pátápátá; ìwọ̀nba tí ó fi sílẹ̀ fún 1988, ilé-ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó mọ eré náà dunjú ti fọ́n ká bí ará ilé tí iná jó. Wọ́n tún gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ 55 lọ́wọ́ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí a fi ń fa ọ̀dọ́ eléré mọ́ra láìrú òfin nígbà náà. Àwọn tí ó jẹ owó ti lọ. Àwọn tí yóò san gbèsè ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Inú ahoro yìí ni Gregg fi Green Bay sílẹ̀ wá ní oṣù kìíní ọdún 1988, nítorí pé ilé rẹ̀ ni, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn ọmọ tí ó rí kó jọ kò ju ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì lọ, ó sì jẹ́ pé òun alára, tí ó ti lé ní 50 ọdún, ga ó sì wúwo ju èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn lọ. Àwọn kan tí ó wá láti máa sáré hán bọ́ọ̀lù ni wọ́n bọ́ sanra tí wọ́n sì fi sí ìlà iwájú. Ta ni ó tún yẹ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ju ọkùnrin tí ó ti fi ọgbọ́n dípò ìwúwo jẹun fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1989, ní pápá Ownby tí ó wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, Yunifásítì Rice kọ́kọ́ nà wọ́n ní 35 sí 6. Lẹ́yìn náà ni Connecticut dé, tí ó sì fi 30 sí 14 ṣíwájú nígbà tí eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn òǹwòran mìíràn ìbá ti dìde. Àwọn ọmọ náà gba ayò méje, wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá mẹ́ta wọlé, nígbà tí ó sì ku bíńtín kí aago tán, Mike Romo, ajubọ́ọ̀lù wọn, ju bọ́ọ̀lù tí ó mú wọn bá Connecticut dọ́gba. Ẹyọ ayò kan tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gbá tẹ̀lé e ni ó sọ ọ́ di 31 sí 30. Ní oṣù kẹwàá, Houston gba ayò 95 lé wọn lórí, wọ́n sì gba 21 padà.

Ayò 95 yìí ni àwọn alátakò í gbé sókè pé ìkà ni kí a kó ọmọdé jáde fún irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ẹni tí ó dúró tì wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, wọ́n tún jáde. Gregg fúnra rẹ̀ sọ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé òun kò tíì kọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí ó nígboyà jù wọ́n lọ, ẹni tí ó sì ń sọ̀rọ̀ yìí ti bá àwọn akọni Lombardi gbé.

Ní 1990, wọ́n fi 44 sí 7 na Vanderbilt, wọ́n sì pàdánù mẹ́wàá yòókù. Lẹ́yìn èyí ni ó fi ìkọ́ni sílẹ̀, ó sì ń ṣe olùdarí eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ náà títí di 1994. Di ọdún 1997 ni SMU kò tíì ní ọdún kan tí ìborí ju ìpàdánù lọ, di 2009 ni wọn kò sì tíì padà sí ìdíje ìparí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó wà nídìí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà kò bá ahoro bí èyí tí Gregg bá. Bí àwọn oníṣirò bá sì ń wá orúkọ tí wọn yóò kọ ìparun náà sí, Bill Clements, gómìnà Texas, tí ó ti jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, jẹ́wọ́ ní ọdún 1987 pé òun mọ̀ sí i nígbà tí wọ́n pinnu láti máa san owó náà lọ.