Àpótí Abẹ́ Igi Ọsàn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ igi ọsàn kan ní àdúgbò wa ní Ikogosi-Ekiti.

Ní ọdún Iléyá tí ó kọjá, àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní London mú ọmọ rẹ̀ wá kí wa. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún méjìlá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ọdún, ìyá kan tí ó ń dín àkàrà, tí ojúlé rẹ̀ kọjú sí tiwa, wá kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní, "Àfáà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo ohun tí wọ́n gbé sí abẹ́ igi ọsàn mi. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà o."

Mo tẹ̀lé e. Ike kékeré onídèérí kan ni, irú èyí tí a fi ń gbé oúnjẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n fi rọ́bà dì í, wọ́n sì kì í bọ àárín gbòǹgbò igi. Ìyá yìí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbálẹ̀ dé ibẹ̀. Ó ti rántí obìnrin kan tí àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀ líle lórí owó àjọ, ó sì ti dá a lójú pé òun ni ó wá gbé nǹkan kalẹ̀ fún un.

Mo na ọwọ́, mo ṣí i. Ìwé pélébé kan, pẹ́ńsùlù kúkúrú kan, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ àti bọ́tìnnì pupa méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé: ẹ kú oríire, ẹ ti rí i, ẹ kọ orúkọ yín síhìn-ín. Mo mọ ẹni tí ó kọ ọ́.

Nígbà tí a pe ọmọ àbúrò mi, ó kúnlẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Eré ni. A máa ń ṣe é ní London. Fóònù ni a fi ń wá a." Ìyá alákàrà wò mí, mo wò ó. Ó ní, "Fóònù ni ẹ fi ń wá ike?" Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ọmọ náà bá ti dákẹ́ ni, ìjà ìbá ti dé ilé onílé kí oòrùn tó mú.

KÍ NI ERÉ YÌÍ?

Geocaching ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ẹnì kan yóò fi àpótí kékeré pamọ́ sí ibì kan, yóò sì fi nọ́ńbà ibẹ̀ sórí áàpù. Ẹlòmíràn yóò fi fóònù rẹ̀ tọ nọ́ńbà náà títí yóò fi dé ibẹ̀. Nígbà tí ó bá rí àpótí, yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó rí i sínú ìwé tí ó wà nínú rẹ̀, yóò dá a padà sí ààyè rẹ̀, yóò sì sọ lórí áàpù pé òun ti rí i. Kò sí owó níbẹ̀, kò sì sí tẹ́tẹ́.

Ìjọba Amẹ́ríkà ni ó ni àwọn sátẹ́láìtì GPS tí eré yìí dúró lé. Àwọn ológun wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí àwọn ará ìlú máa lò ó, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da ìṣirò rẹ̀ rú, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ń wá ibì kan lè fi nǹkan bí 100 mítà ṣìnà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù May 2000, Ààrẹ Bill Clinton ní kí wọ́n dá ìdàrúdàpọ̀ náà dúró. Ní May 3, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Ulmer gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dúdú kan lọ sínú igbó nítòsí Beavercreek, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ó kó ìwé, fídíò, rọ́bà tí àwọn ọmọkùnrin fi ń ta ẹyẹ, àti agolo ẹ̀wà kan sínú rẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ènìyàn fi rí i. Lónìí irú àpótí bẹ́ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta káàkiri ayé.

BÁWO NI FÓÒNÙ ṢE MỌ IBI TÍ A WÀ?

Àwọn sátẹ́láìtì wọ̀nyí lé ní 24. Wọ́n ń yí ayé po lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ní òkè réré, nǹkan bí 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní aago tí ó péye gidigidi, ó sì ń ké àkókò tí aago rẹ̀ wí láìdákẹ́, gẹ́gẹ́ bí ládàánì ṣe ń pe ìrun. Fóònù yín kì í dá wọn lóhùn. Ó kàn ń gbọ́ ni. Bí ó bá ti gbọ́ ohùn mẹ́rin, yóò wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pẹ́ tó lójú ọ̀nà, yóò fi mọ bí òun ṣe jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì ti ibẹ̀ mọ ibi tí òun wà. Ohùn náà ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nítorí náà, bí aago bá fi ìdá kan péré nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ṣìṣe, ọ̀nà yóò fi 300 mítà yàtọ̀.

Nítorí pé fóònù kàn ń gbọ́ ni, kò ná yín ní dátà láti mọ ibi tí ẹ wà. Àwòrán ilẹ̀ tí áàpù ń fi hàn ni ó ń jẹ dátà, ẹ sì lè gbé e sórí fóònù láti ilé kí ẹ tó jáde. Àwọn sátẹ́láìtì kan náà ni áàpù tí ẹ fi ń wá gábàsì ń lò. Ó ń mọ ibi tí ẹ dúró sí, ó sì ń ti ibẹ̀ ṣe ìṣirò ọ̀nà Mẹ́kà. Láti Ikogosi, Mẹ́kà wà láàárín àríwá àti ìlà-oòrùn, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ìlà-oòrùn jù.

Bí ẹ bá dúró ní ibi omi gbígbóná wa, fóònù yóò kọ nǹkan bí ìwọ̀n 7.6 ní àríwá àti ìwọ̀n 5 ní ìlà-oòrùn. Ìtumọ̀ èyí ni pé a fi nǹkan bí 840 kìlómítà jìnnà sí ìlà tí ó pín ayé sí méjì. Ní gbangba, fóònù lè mú yín dé nǹkan bí 5 mítà sí ohun tí ẹ ń wá. Lábẹ́ igi ńlá àti láàárín òkè bíi tiwa, ohùn sátẹ́láìtì a máa kọlu òkúta àti ewé kí ó tó dé, fóònù a sì máa fò síhìn-ín, fò sọ́hùn-ún. Nígbà náà ni ẹ ó gbé fóònù sápò, tí ẹ ó wá fi ojú ara yín wá a. Ọmọ àbúrò mi ní ibẹ̀ ni eré náà ti ń dùn.

ÀMÁNÀ NI

Ìlànà rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ má ṣe gbẹ́ ilẹ̀ bo àpótí. Ẹni tí ó bá mú nǹkan kúrò nínú rẹ̀, kí ó fi ohun tí ó tó o tàbí tí ó sàn jù ú lọ rọ́pò. Kí oúnjẹ, ọtí àti ohun ìjà má ṣe wọ inú rẹ̀. Láàárín àpótí kan àti èkejì, ó kéré tán, kí ó tó 161 mítà. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni sì ń yẹ àpótí tuntun wò kí wọ́n tó jẹ́ kí ó hàn lórí áàpù.

Ìyàwó mi bi mí pé, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọmọ máa mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú igbó? Ìbéèrè rere ni. Ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ ẹni, tí ẹlòmíràn rí he, a ti kọ́ wa pé kí a kéde rẹ̀ fún ọdún kan. Ṣùgbọ́n ike yìí kò sọnù. Ẹni tí ó ni ín ni ó gbé e síbẹ̀, tí ó sì pe àlejò sí i. Àmánà ni láàárín ẹni tí ó fi pamọ́ àti ẹni tí ó wá a rí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ara wọn rí. Ọmọ tí ó fi bọ́tìnnì kan rọ́pò ìlẹ̀kẹ̀ kan níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí ẹgba kò lè kọ́ ọ.

IBÍ YÌÍ KÌ Í ṢE LONDON

Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi ìyá alákàrà ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ilẹ̀ wa, ohun tí a bá bá lábẹ́ igi ń sọ̀rọ̀. Ìkarahun ìgbín tí a so mọ́ igi eléso, àálè ni. Ó ń kìlọ̀ pé kí a má ká a. Igbá tí a gbé sí oríta, ẹbọ ni. Ta ni yóò wá rí ike tí a fi rọ́bà dì, tí yóò pè é ní eré? Àwọn òyìnbó pàápàá kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ nígbà mìíràn. Ní July 2011, ní ìlú Wetherby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí ọkùnrin kan tí ó ń fọwọ́ kan ike kékeré kan ní ìta ilé oúnjẹ. Wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n kó àwọn ènìyàn kúrò ládùúgbò, àwọn ológun tí ń tú bọ́ǹbù sì fọ́ ike náà túútúú. Àpótí eré ni.

Ohun tí ó sì wúwo jù nìyí. Igbó tí àwa fi ń ṣeré nígbà èwe wa kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní January 29, 2024, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ gbé nínú ọkọ̀ ní agbègbè Emure-Ekiti. Ìyá wo ni yóò wá gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó tọ nọ́ńbà wọ inú igbó? Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí eré náà mọ sí inú àgbàlá, ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, àti ibi tí ojú àgbà ti tó o, ní ọ̀sán gangan. Kí àgbà kan bá wọn lọ. Kí àwọn aládùúgbò mọ̀ ṣáájú. Ẹ kọ orúkọ ilé yín sára ike, kí ẹ sì lo èyí tí inú rẹ̀ hàn síta. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà ilé yín tàbí àwòrán ọmọ yín sórí áàpù fún gbogbo ayé. Inú fóònù ìyá àti bàbá ni kí nọ́ńbà àpótí ilé wà.

ÌṢÚRA TÍ KÒ NÍ ÀPÓTÍ

Láti 2004 ni oríṣi eré yìí kan ti wà tí wọ́n ń pè ní EarthCache. Kò ní àpótí rárá. Nọ́ńbà yóò mú yín dé ibi tí ilẹ̀ ti ní ẹ̀kọ́, ẹ ó sì dáhùn ìbéèrè nípa ohun tí ẹ fi ojú rí. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo ní, "Ikogosi ni wọ́n ń sọ yìí!"

Ní ọjọ́ kẹta ọdún, mo kó ọmọ àbúrò mi àti àwọn ọmọ-ọmọ ìyá alákàrà, a jẹ́ mẹ́fà, a lọ sí ibi omi. A fi fóònù sàmì sí ibi mẹ́ta: ibi tí omi gbígbóná ti ń sun, ibi tí omi tútù ti ń bọ̀, àti ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Mo wá bi wọ́n léèrè. Bí ẹ bá ti ẹsẹ̀ kan bọ ti ọ̀tún, tí ẹ ti èkejì bọ ti òsì, èwo ni ó gbóná? Ìṣísẹ̀ mélòó ni ẹ ó rìn lẹ́yìn ìpàdé kí ẹsẹ̀ méjèèjì tó gbọ́ bákan náà? Òkúta wo ni omi náà ti ń jáde?

Àwọn ará ilé mi, àwọn ọmọ tí a bí sí ẹ̀gbẹ́ omi yìí kò mọ̀ ọ́n! Wọ́n mọ ìtàn àwọn baba wa, pé ìyàwó ọdẹ kan ni omi méjèèjì, pé ọ̀kan gbóná bí ìbínú, èkejì sì tutù bí ìwà. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́ kí wọ́n kà á. Mo ṣàlàyé fún wọn pé omi òjò ni ó ń wọ inú ilẹ̀ láti ojú sísán òkúta òkè Efon, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní quartzite. Bí ó ti ń lọ sísàlẹ̀ ni ooru inú ilẹ̀ ń gbóná mọ́ ọn, ó sì ń gba ojú sísán mìíràn padà sókè. Iná kò sí lábẹ́ rẹ̀, òkè oníná kò sì sí níhìn-ín. Ọmọ London ni ó kọ ìdáhùn sílẹ̀, àwọn tiwa ni wọ́n ń ka ìṣísẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀ wá sílé, kò sí ẹni tí ó wo fóònù mọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbìyànjú èyí ní ìlú tiyín. Ní Ipole-Iloro, ẹ ní Arinta tí omi ń dà sílẹ̀ láti orí àpáta. Ní Efon, ẹ ní òkè. Ẹ fi fóònù sàmì sí ibi mẹ́ta péré, ẹ kọ ìbéèrè kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bá àwọn ọmọ lọ.

Ní ti ike abẹ́ igi ọsàn, ìyá alákàrà kò jẹ́ kí a gbé e kúrò. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí a ti wá tọrọ àyè lọ́wọ́ òun, kí ó wà níbẹ̀. Ó fẹ́ fi àkàrà sínú rẹ̀, ọmọ náà ní èèrà yóò kó o. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà lọ sí London, mo ṣí ìwé inú ike náà wò. Orúkọ méje ni ó wà níbẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ni ó bá a kọ ọ́: orúkọ obìnrin tí wọ́n jọ jà lórí owó àjọ. Ìyá alákàrà ti lọ pè é wá láti wá ike náà.

Ó dìgbà kan ná.