Ta Ni Ọrun?

Níbi ìsọmọlórúkọ, Orin Dáfídì 127 kì í jìnnà sí ẹnu wa, pé ọfà ni àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ọfà kì í dá fò. Ta ni ọrun? Àwa òbí ni.

Ní ìsinmi tó kọjá, nílé wa ní Ìdógò, àwọn ọmọ wa ní kí á gbẹ́ ọrun láìfi irin kàn án. Wọ́n ti kà nípa Ihò Eléérú ní Ìsàrun, nítòsí Àkúrẹ́, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw ti wa òkúta mímú wẹ́wẹ́ púpọ̀ jáde nínú ilẹ̀ ní 1965. Irinṣẹ́ àwọn ará àtijọ́ ni. Òkúta olójú àáké tí àwọn baba wa ń rí lóko, tí wọ́n ń pè ní ẹdùn àrá, iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni òun náà. Kò já láti ojú sánmà, kí onígbàgbọ́ má ṣe bẹ̀rù rẹ̀.

Òkúta mímú ni a fi gé igi tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ ọmọdé. A bó èèpo rẹ̀, a gbé e sí ibòji kí ó gbẹ. Ẹ̀yìn ọrun, ìhà tó kọjú sí ẹran, a kì í gé e, torí ibi tí a bá ti gé iṣan igi ni yóò ti ṣẹ́. Inú rẹ̀, tó kọjú sí tafàtafà, ni a ń fi òkúta họ díẹ̀díẹ̀. Bí a ti ń họ ni a ó máa tẹ̀ ẹ́ wò, bóyá apá méjèèjì ń tẹ̀ bákan náà. Apá tó le ni a ń họ. A kì í fọwọ́ kan èyí tó ti rọ̀.

Àwa kò ní sùúrù. Ibi tó rọ̀ ni òkúta ti ń yá, ibẹ̀ náà ni a tẹra mọ́. Nígbà tí a fà á, ó ṣẹ́ pàù!

Àkọ́bí wa ní, “Dádì, ibi tó ti rọ̀ lẹ tún ń họ.”

Ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn. Ọmọ yìí fìdí rẹmi nínú ìdánwò ní sáà náà, àràárọ̀ níbi àdúrà ìdílé ni a sì ń bá a wí lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a pè é, a ní kí ó dárí jì wá.

Ẹ̀yin ará, ìfẹ́ ni ọṣán. Bí ọṣán bá já, ọrun di ọ̀pá, ọ̀pá kò sì lè ta ọfà. Nínà ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kí á mọ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti rọ̀, kí á rọra níbẹ̀.

Ọrun kejì ṣì wà ní ibòji. A kò kánjú mọ́.

Kí Olúwa fún wa ní sùúrù láti tọ́ àwọn ọmọ wa, ní orúkọ Jésù. Àmín.